Ìró ló kọ́kọ́ wọlé: bí mo ṣe ya ìṣẹ́jú kan àbọ̀ àkọ́kọ́ fíìmù adẹ́rùbani

Iṣẹ́ náà kò gùn: 90 sẹ́kọ́ńdì tó máa ṣí fíìmù kan. Obìnrin kan dá wà nílé lálẹ́. Ó gbọ́ tí omi ń kán ní balùwẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ láti àárọ̀, ó dìde lọ wò ó. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí iwin tó yọjú. Ohun tí mo ń wá ni kí jìnnìjìnnì ti bo òǹwòran kí ọwọ́ obìnrin náà tó kan ilẹ̀kùn. Mo lo ọjọ́ kan fún kámẹ́rà, mo lo ọjọ́ mẹ́ta fún ìró. Ẹni tó bá rò pé mo ṣe é sódì, kó pa ohùn fíìmù adẹ́rùbani tó bá wù ú, kó wò ó bóyá àyà rẹ̀ á ṣì já.

Kí n tó gbé kámẹ́rà rárá ni mo ti kọ gbogbo ìró tó máa dún sínú ìwé, pẹ̀lú sẹ́kọ́ńdì tí kálukú wọn máa wọlé. Ohun tí etí gbọ́ tí ojú ò rí, ọkàn fúnra rẹ̀ ló ń ya àwòrán rẹ̀, èyí tó bá sì yà máa ń burú ju ohunkóhun tí a lè kùn ní àtíkè lọ. Ìdí nìyí tí ojú fíìmù fi dúdú kirikiri fún sẹ́kọ́ńdì 6 àkọ́kọ́. Tó. Tó. Tó. Ìkán omi mẹ́ta, sẹ́kọ́ńdì méjì-méjì láàárín wọn. Ìkẹrin yẹ kó bọ́ gan-an nígbà tí àwòrán bá ṣí, ṣùgbọ́n mo dá a dúró di sẹ́kọ́ńdì 7 àbọ̀. Etí ti mọ iye tó ń kà. Bí ìkán ò bá dé lásìkò, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í retí láìmọ ohun tó ń retí.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwòrán tó ṣí. Lẹ́ǹsì 24mm, èyí tó ń rí ibi fẹ̀, ni mo lò, nítorí ó máa ń na ọ̀dẹ̀dẹ̀ gùn gbọọrọ. Lẹ́ǹsì 85mm, èyí tó ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ni, á fún un pọ̀, ilẹ̀kùn ìpẹ̀kun á wá dà bíi pé ó wà nítòsí. Mo gbé kámẹ́rà sí 50 sẹ̀ǹtímítà sókè ilẹ̀, ní déédéé orúnkún. Kò sí àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ń gbé ibẹ̀ yẹn, àfi ohun tó bá ń rákò. Òǹwòran lè má lè ṣàlàyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ á fura. Kámẹ́rà kò mira fún sẹ́kọ́ńdì 12. Nígbà tí ẹ bá ń gé àwòrán, ọwọ́ á máa yún yín láti gé e ní sẹ́kọ́ńdì 5. Ẹ má gé e. Lẹ́yìn sẹ́kọ́ńdì 5 yẹn gan-an ni ojú ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá inú kọ̀rọ̀ kiri.

Ọ̀nà mìíràn wà: kí kámẹ́rà jẹ́ ojú apani fúnra rẹ̀. Olùdarí fíìmù John Carpenter ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù adẹ́rùbani rẹ̀, Halloween, lọ́dún 1978. A bá ẹnì kan yí ilé ká, a wọlé, a gun àtẹ̀gùn, a gba ihò ìbòjú wòta, kí a tó wá rí i pé ọmọdé ni. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ó sọ fún wa pé ẹnì kan wà níbẹ̀. Èmi ò fẹ́ kó dá wọn lójú. Kámẹ́rà tó lọ sílẹ̀ láìrìn ń fi ọ̀rọ̀ náà sí àárín méjì.

Àwòrán ojú obìnrin náà, níbi tó ti dúró tó ń tẹ́tí, ló gba iṣẹ́ jù. Lẹ́ǹsì 35mm, kámẹ́rà lórí sláídà, ìyẹn irin gbọọrọ tí kámẹ́rà ń yọ̀ lọ lórí rẹ̀. Mo tì í síwájú fún mítà kan àbọ̀ láàárín sẹ́kọ́ńdì 15, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 10 ní sẹ́kọ́ńdì kọ̀ọ̀kan. Bó bá yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, èèyàn á mọ̀ pé kámẹ́rà ló ń rìn. Bó ṣe ń fà díẹ̀díẹ̀ yìí, ńṣe ló dà bíi pé ògiri ń sún mọ́ni. Mo fi ojú rẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́ta lápá òsì, ó sì kọjú sí òsì, tí gbogbo ìyókù àwòrán fi ṣófo lẹ́yìn rẹ̀. Ní ibi tó ṣófo yẹn, ilẹ̀kùn kan ṣí sílẹ̀ bí ìbú ọwọ́, inú rẹ̀ dúdú. Nǹkan kan ò jáde níbẹ̀. Ẹni tó ń wò ó ò ní gbà bẹ́ẹ̀.

Níbí ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́. Bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ kámẹ́rà (tripod) kan ṣoṣo lẹ gbé sí àárín sláídà, ìwúwo kámẹ́rà á tẹ̀ ẹ́ bó bá ti ń dé ìpẹ̀kun, àwòrán á sì foríbalẹ̀ wẹ́rẹ́. Ẹ gbé ẹsẹ̀ méjì sí i, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Fókọ́ọ̀sì, ìyẹn ibi tí àwòrán ti mọ́ kedere, náà á máa sá lọ bí kámẹ́rà ṣe ń sún mọ́ ojú, nítorí náà mo lẹ téèpù mọ́ sláídà ní gbogbo 30 sẹ̀ǹtímítà, mo wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹlòmíràn sì ń yí fókọ́ọ̀sì bá mi bí mo ṣe ń tì í.

Ní ti iná, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ má ya òkùnkùn nínú òkùnkùn: ibi tó dúdú á kún fún àmì kéékèèké tó ń jà wìnnìwìnnì. Gílóòbù kan ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè mọ ìmọ́lẹ̀ lára) 800, kí àwòrán mọ́lẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ lọ díẹ̀, kí ẹ wá mú un ṣókùnkùn lórí kọ̀ǹpútà. Férémù (ẹyọ àwòrán) 24 ní sẹ́kọ́ńdì, shutter (àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ sínú férémù kọ̀ọ̀kan) 1/50 sẹ́kọ́ńdì. Níbi tí iná mànàmáná bá ti jẹ́ 60 Hz (ìgbà 60 ní sẹ́kọ́ńdì kan), ẹ lo 1/60, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn gílóòbù LED kan á máa ṣẹ́jú nínú àwòrán.

Ó wá ku ìró. Mo kọ́kọ́ gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ilé náà sílẹ̀ fún 60 sẹ́kọ́ńdì, ní 48 kHz àti 24 bit, ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ fún ìró fíìmù, kí gbogbo èèyàn dúró láìmí kanlẹ̀. Èyí la ó tẹ́ sábẹ́ gbogbo àwòrán. Láìsí i, gbogbo ibi tí a ti gé àwòrán ni etí á ti máa mọ̀. Ẹ pa fáànù, ẹ pa fíríìjì. (Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín sínú fíríìjì ọ̀hún, kí ẹ má baà gbàgbé láti tàn án padà kí ẹ tó máa lọ.)

Omi inú balùwẹ̀ gangan ń dún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò wúlò. Abọ́ irin tí omi díẹ̀ wà nínú rẹ̀ ni mo kán omi sí, máíkì wà ní 20 sẹ̀ǹtímítà sí i, mo sì wá fi gbohùngbohùn balùwẹ̀, ìyẹn bí ìró ṣe ń ta padà lára ògiri, kún un lórí kọ̀ǹpútà. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo fi ìró 40 Hz kan, ìró ìsàlẹ̀ tó ń gbọ̀n ìgbà 40 ní sẹ́kọ́ńdì kan, sí láti sẹ́kọ́ńdì 20, tó ń ga sókè díẹ̀díẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ ìgbà tó wọlé. Fóònù ò lè gbé 40 Hz jáde. Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kan, mo fi saturation, irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó ń da ìró rú díẹ̀, há a lọ́fun díẹ̀ títí ó fi yọ àwọn ìró òkè bíi 120 àti 200 Hz, ìyẹn ni fóònù máa gbé. Lókè rẹ̀ ni ohùn méjì tí kò bára mu, 220 àti 233 Hz, tí wọ́n ń ta ko ara wọn bí ìgbà 13 ní sẹ́kọ́ńdì kan. Ẹ jẹ́ kó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bí wọ́n bá ti lè mọ̀ pé orin ni, iṣẹ́ ti bàjẹ́.

Ní sẹ́kọ́ńdì 80, ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Gbogbo rẹ̀ dá wáí, ìkán omi pàápàá. Ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí ìró parẹ́ pátápátá, nítorí ìyẹn máa ń jọ ẹ̀rọ tó bàjẹ́, òǹwòran á sì máa wo fóònù rẹ̀. Mo fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ilé náà sílẹ̀ ní nǹkan bíi -60 dB, ìyẹn kó lọ sílẹ̀ gan-an, pẹ̀lú èémí obìnrin náà, fún sẹ́kọ́ńdì 5.

Mo ti fi ìró ńlá kan tó ń bú gbàù síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo yọ ọ́. Ó ń já èèyàn láyà, ẹ̀rù ọ̀hún sì ń tán lójú ẹsẹ̀. Ohun tí mo fi rọ́pò rẹ̀ ni ìkán omi kan ṣoṣo. Gbogbo èyí tó ti kán tẹ́lẹ̀ ní gbohùngbohùn balùwẹ̀ lára. Mo yọ ti èyí kúrò pátápátá, ó gbẹ, ó wà nítòsí bíi pé ẹ̀yìn etí ló ti kán. Mi ò gbé e sí apá òsì tàbí ọ̀tún, nítorí fóònù tí ìró ń gba ojú kan ṣoṣo jáde á pa ìyẹn rẹ́. Obìnrin náà ò mira fún férémù 12. Ọrùn rẹ̀ ń yí bọ̀ sọ́dọ̀ ilẹ̀kùn tó ṣí díẹ̀ yẹn, kó tó yí tán mo gé e sí dúdú, mo sì fi orúkọ fíìmù sí i.