Bí mo ṣe wá ojútùú sí omi líle ilé wa ní Sókótó

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta. Wọ́n wá kí wa láti Ìwó, wọ́n gbé ọṣẹ dúdú wọn dání, ìgbà tí wọ́n máa jáde ní balùwẹ̀ wọ́n ní "Ìyàwó, kí ló ṣe omi yín yìí, mo fọṣẹ para títí kò hó, ó wá ń lẹ̀ mọ́ mi lára bí ọ̀rá." Ojú tiwa ti mọ́ ọn. Nǹkan funfun bí ẹfun ti dì sí ìdí kẹ́tùlù, orí ṣáwà ti dí, aṣọ funfun àwọn ọmọ ti di àwọ̀ eérú, híítà méjì ló sì ti jóná láàárín ọdún kan, èmi rò pé ayédèrú ni wọ́n ń tà fún wa ni.

Ilẹ̀ ibí ló fà á o. Òkúta ẹfun pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ Sókótó, òun náà ni wọ́n ń wà ní Kalambaina tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Omi bóòhólù á gba àárín ẹ̀ kọjá, á kó kálísíọ́mù àti magnẹ́síọ́mù dání wá, irú omi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní omi líle, àwọn yẹn ni kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó, tí omi bá sì ti gbóná wọ́n á dì mọ́ híítà lára.

Mo ti kọ́kọ́ ra fílítà, owó yẹn sì dùn mí gan-an. Yanrìn àti ìpẹtà ni fílítà ń gbà, àmọ́ kálísíọ́mù ti yọ́ sínú omi bí iyọ̀ ṣe ń yọ́ sínú ọbẹ̀, ta ló lè fi asẹ́ sẹ́ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ omi yín wò kẹ́ ẹ tó náwó. Mo bu omi òjò sínú ike kan, mo bu ti bóòhólù sí èkejì, mo gé ọṣẹ tó dọ́gba sínú méjèèjì, mo mì wọ́n dáadáa. Ti òjò hó kún ike, ti bóòhólù kàn dàrú bí omi ògì. Mo wá ra bébà tí wọ́n fi ń wọn bí omi ṣe le tó, ó sún mọ́ 400 mílígíráàmù nínú lítà kan, bẹ́ẹ̀ tó bá ti kọjá 180 wọ́n ti ń pè é ní omi tó le gan-an.

Wọ́tà sọ́fúnà, ẹ̀rọ tó ń sọ omi líle di èyí tó rọ̀, ni mo wá rà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí, kì í ṣe oníná, ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe ń ṣe wá níbí. Kóró kéékèèké bí ẹyin ẹja ló kún inú ẹ̀, lítà 25. Sódíọ́mù, irú èyí tó wà nínú iyọ̀, ló wà lára kóró yẹn, tí omi bá ń kọjá á gba kálísíọ́mù àti magnẹ́síọ́mù mọ́ra, á tú sódíọ́mù sílẹ̀ dípò wọn, tó bá wá kún, omi iyọ̀ la ó fi fọ̀ ọ́ kó lè padà máa ṣiṣẹ́.

Púlọ́ńbà wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, fẹ́ gbé e sábẹ́ tánkì òkè. Mo ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, omi tó ń dà wálẹ̀ fúnra ẹ̀ ò lágbára tó lè gbé kóró yẹn sókè kó fọ̀ ọ́." A wá fi í sáàárín pọ́ǹpù tánkì ilẹ̀ àti tánkì òkè. Kí omi tó dé ibẹ̀, a ti gé ẹ̀ka kan lọ sí kíṣíìnì fún mímu àti sísè, torí Màámi, ìyá ọkọ mi, ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mi ò fẹ́ kí wọ́n máa mu sódíọ́mù kún èyí tó wà nínú oúnjẹ, omi líle fúnra ẹ̀ ò sì léwu fún mímu.

Omi àkọ́kọ́ tó jáde pupa díẹ̀, a jẹ́ kó ṣàn dànù títí ó fi mọ́.

Bí omi wa ṣe le tó àti bá a ṣe ń lò ó, nǹkan bí 500 lítà lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà mẹ́fà ni mò ń fọ̀ ọ́, iyọ̀ kílò mẹ́rin. Iyọ̀ oníhóró ńlá ni mò ń lò, èyí tó kúnná bí ti ọbẹ̀ máa ń dì. Màá kọ́kọ́ yí i kí omi tú kóró náà ká, lẹ́yìn náà màá jẹ́ kó fa omi iyọ̀ díẹ̀díẹ̀, èyí máa ń tó wákàtí kan, kí n tó fi omi lásán ṣàn án. Sókáwéè ni omi iyọ̀ yẹn ń lọ, mi ò jẹ́ dà á sídìí ewédú mi torí á pa á.

Ọjọ́ tí Màámi kọ́kọ́ fi wẹ̀, wọ́n pè mí láti balùwẹ̀ pé ọṣẹ ò kúrò lára wọn, ara wọn ń yọ̀. Mo ní "Ó ti kúrò, Màámi, bí omi tó rọ̀ ṣe máa ń ṣe lára nìyẹn." Ọṣẹ tá à ń fi fọṣọ ti dín kù sí nǹkan bí ìdajì, bébà yẹn náà ti ń fẹ́ẹ̀ dé 0. Èyí tó ti dì tẹ́lẹ̀ ló kù, ìyẹn ò lè lọ lọ́jọ́ kan. Orí ṣáwà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo rẹ ẹ́ sínú fíńígà lálẹ́, nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́ gbogbo ihò ẹ̀ ti là.