Bí a ṣe ń yan táyà àti ríìmù fún ọkọ̀ oníná tó ti ìlú òtútù dé Ìlọrin

Ọkọ̀ tó ń lo bátìrì dípò bẹntiróòlù ti ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan ní Ìlọrin, àwọn kan nínú wọn sì jẹ́ tòkunbọ̀ tí àwọn ọmọ wa tó wà ní Kánádà, Jámánì tàbí apá àríwá Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ sílé. Ẹni tó bá gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń yẹ bátìrì wò, á tan ẹ̀rọ amúlétutù, á tẹ gbogbo bọ́tìnnì tó wà níwájú, ṣùgbọ́n kì í sábà bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ̀ náà bá kúrò lọ́hùn-ún nígbà tí yìnyín ń bọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ táyà ìgbà òtútù ló gbé wá. Ní Quebec ní Kánádà, òfin sọ ọ́ di dandan kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lo irú táyà yìí láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹta. Ní Jámánì, òfin kò dá ọjọ́ kan pàtó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wakọ̀ lórí yìnyín láìlo táyà tó yẹ á san owó ìtanràn. Irú táyà kan náà yìí tún máa ń wà lára àwọn tòkunbọ̀ tí wọ́n tò jọ sí ẹ̀gbẹ́ títì fún títà, tí ojú wọn ń dán, tí owó wọn kò sì pọ̀.

Rọ́bà tí wọ́n fi ṣe táyà ìgbà òtútù ló mú un yàtọ̀. Bí òtútù bá mú gan-an, táyà lásán máa ń le gbagidi, kì í sì lè di ilẹ̀ mú mọ́. Nítorí náà ni àwọn tó ń ṣe táyà fi po rọ́bà mìíràn tí kì í le bí ojú ọjọ́ bá tilẹ̀ lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n 7 Celsius lọ, tí wọ́n sì la ojú rẹ̀ wẹ́wẹ́ kó lè máa di yìnyín mú. Ìlọrin kò mọ irú òtútù bẹ́ẹ̀. Ọ̀yẹ́ tó ń mú wa gbọ̀n láàárọ̀ oṣù Kìn-ín-ní kì í súnmọ́ ìwọ̀n 7 yẹn rárá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sán oṣù Kẹta máa ń kọjá 35, tí ọ̀dà ojú títì á sì gbóná ju ìyẹn lọ fíìfíì. Lórí irú títì bẹ́ẹ̀, rọ́bà tí wọ́n pò fún òtútù á rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ: ojú rẹ̀ á máa yẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń yí kọ́nà, ọkọ̀ á rìn jìnnà kó tó dúró bí ẹ bá tẹ bíréèkì, táyà náà á sì jẹ kíákíá. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé yóò wúlò nígbà òjò. Òjò wa ní oṣù Keje tàbí oṣù Kẹsàn-án kì í ṣe òjò òtútù, táyà tí wọ́n ṣe fún ojú ọjọ́ gbígbóná, tí ìlà ojú rẹ̀ jìn dáadáa, ló ń dá ọkọ̀ dúró yá jù nínú rẹ̀.

Láti dá a mọ̀, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà. Wọ́n máa ń ya òkè kan tó ní ṣóńṣó mẹ́ta síbẹ̀, pẹ̀lú ègé yìnyín kan láàárín rẹ̀. Orúkọ táyà náà lè tú àṣírí rẹ̀, bí ẹ bá rí Winter, Snow, Alpin tàbí Blizzak lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹjú mọ́ ojú táyà: ti ìgbà òtútù máa ń ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ lórí gbogbo ègé rọ́bà ojú rẹ̀, bí ẹni tó kọ ilà gọ̀ǹbọ́, nígbà tó jẹ́ pé ìlà ńlá díẹ̀ péré ló wà lójú táyà ojú ọjọ́ gbígbóná. Ẹ má fi títẹ èékánná nìkan ṣe ìdájọ́, nítorí rọ́bà ìgbà òtútù tó ti gbó náà máa ń le, ìyẹn kò sì sọ ọ́ di táyà tiwa.

Àwọn kan a máa sá fún táyà tí wọ́n bá ti rí lẹ́tà M+S (ẹrẹ̀ àti yìnyín) lára rẹ̀. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà yẹn wà lára ọ̀pọ̀ táyà tí wọ́n ṣe fún gbogbo ìgbà, pàápàá ti ọkọ̀ jíìpù, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbí. Àmì òkè àti yìnyín ni kí ẹ máa wá. Lóòótọ́, àwọn táyà gbogbo ìgbà kan wà tó ti gba àmì yẹn náà, wọn kò sì burú tó èyí tí wọ́n ṣe fún òtútù nìkan, ṣùgbọ́n bí owó bá wà, èmi kò ní fi wọ́n sábẹ́ ọkọ̀ tó wúwo bí ọkọ̀ oníná.

Táyà tòkunbọ̀ fúnra rẹ̀ wà lára ohun tí ilé iṣẹ́ aṣọ́bodè Nàìjíríà fi òfin dè pé kò gbọdọ̀ wọlé fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, síbẹ̀ ó kún ọjà, owó ló sì ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn débẹ̀. Ó yẹ kí á mọ ìdí tí ojú rẹ̀ fi máa ń nípọn. Òfin Jámánì gbà kí a lo táyà títí ojú rẹ̀ yóò fi kù mìlímítà 1.6, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ máa ń gbani nímọ̀ràn pé kí a bọ́ ti ìgbà òtútù tó bá ti kù mìlímítà 4, torí kò lè di yìnyín mú mọ́. Táyà tó nípọn lójú tí ẹ rí lọ́jà lè jẹ́ èyí tí wọ́n ti kà sí aláìwúlò fún iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, kò sì wúlò fún tiwa náà. Wọ́n tún máa ń kì í sínú ara wọn, méjì tàbí mẹ́ta, kí kọ̀ǹténà lè gbà púpọ̀. Irú kíkì bẹ́ẹ̀ máa ń tẹ etí táyà, a sì máa já wáyà tó wà nínú rẹ̀ láìhàn síta. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ pa á yípo, kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ àti ibi tó wú tàbí tó ṣẹ́. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìlà ojú rẹ̀ pẹ̀lú: ó yẹ kí ègé rọ́bà kékeré tó dábùú ìlà náà wà níbẹ̀, èyí tó ń fi hàn pé táyà ti jẹ tán nígbà tí ojú rẹ̀ bá bá a dọ́gba. Bí ẹ kò bá rí ègé yìí, tàbí tí ẹ rí i pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e, a jẹ́ pé wọ́n ti gbẹ́ táyà tó ti jẹ tán kó lè dà bí tuntun, ẹ má sì bá wọn ná an rárá.

Ọjọ́ orí táyà wà nínú nọ́ńbà mẹ́rin tó parí ọ̀wọ́ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT. Bí ó bá jẹ́ 3523, ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2023 ni wọ́n ṣe é. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń kọ nọ́ńbà mẹ́rin yìí sí, nítorí náà bí ẹ kò bá rí i níta, ẹ yí táyà náà padà. Àjọ SON, tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, ti kìlọ̀ pé kí a má lo táyà tó bá ti lé ní ọdún 4 láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó náà sì lè dá yín dúró nítorí rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún táyà tuntun tí oòrùn ti ń pa níwájú ṣọ́ọ̀bù láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ó ti ń sán wẹ́wẹ́ lábẹ́ òróró dúdú tí wọ́n fi pa á.

Ibi tí mo ti ń rí àṣìṣe jù fún ọkọ̀ oníná ni ti ìwúwo. Ẹ jẹ́ kí a mú Tesla Model 3 ṣe àpẹẹrẹ. Táyà rẹ̀ tó kéré jù ni 235/45 R18: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 235, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 45 nínú 100 fífẹ̀ yẹn, ríìmù rẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì 18. Camry kan wà tó ń lo táyà oníwọ̀n yìí gẹ́lẹ́, ẹni tó ń ta táyà yóò sì fi tọkàntọkàn sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Lẹ́yìn ìwọ̀n yẹn, ẹ óò rí 94 lára ti Camry, nígbà tí Tesla ń béèrè 98. Táyà tó ní 94 lè gbé kìlógíráàmù 670, èyí tó ní 98 lè gbé 750. Bí ẹ bá ro táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, 2,680 ni àkọ́kọ́, 3,000 ni èkejì. Ìyàtọ̀ 320 yẹn ju ìwúwo àgbàlagbà mẹ́rin lọ, bátìrì tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ náà kì í sì í sọ̀kalẹ̀ bí èrò ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Táyà tí a di ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ lé lórí máa ń gbóná láti inú wá, bí ooru ọ̀nà Jẹ́bà bá sì pàdé rẹ̀ lọ́sàn-án, bíbẹ́ ló kù. Kí nọ́ńbà yìí má ṣe kéré sí èyí tí wọ́n kọ sí ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀ láéláé. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò léwu. Lẹ́tà XL máa ń wà lára táyà tí wọ́n fún ní agbára kún un. Lẹ́tà eré tó tẹ̀ lé nọ́ńbà náà, irú bí H fún 210 kìlómítà ní wákàtí kan tàbí V fún 240, kí òun náà má ṣe kéré sí tẹnu ilẹ̀kùn.

Bí ó bá jẹ́ táyà tó wá láti Amẹ́ríkà, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ Temperature lára rẹ̀ pẹ̀lú A, B tàbí C. A ni kí ẹ mú, torí òun ló ń fara da ooru jù. Bí ó bá jẹ́ tuntun láti Yúróòpù, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn máa ń ní lẹ́tà láti A dé E fún bó ṣe ń yí pẹ̀lú ìrọ̀rùn, àti òmíràn fún bó ṣe ń di ilẹ̀ mú nínú omi. Táyà tó ń yí pẹ̀lú ìrọ̀rùn ń jẹ́ kí iná bátìrì pẹ́, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun kékeré níbi tí a ti ń retí iná ìjọba ká tó lè gba ọkọ̀ sí i. Síbẹ̀, bí mo bá ní láti yan ọ̀kan nínú méjèèjì, lẹ́tà inú omi ni èmi yóò kọ́kọ́ wò.

Ní ti ríìmù, ẹ mú èyí tó kéré jù nínú àwọn tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà fọwọ́ sí. Nissan Leaf ìran kìn-ín-ní àti ìkejì ń lo 16 tàbí 17, ẹ mú 16. Model 3 ń lo 18 títí dé 20, ẹ mú 18 bí ìwé ọkọ̀ yín bá gbà á. Bí ríìmù bá ṣe kéré tó ni ẹ̀gbẹ́ táyà ṣe ń ga tó, ẹ̀gbẹ́ táyà yìí ló sì ń gba ìyà nígbà tí ẹ bá já sínú gálọ́ọ̀pù lójijì lọ́nà Àjàṣẹ́-Ìpo tàbí Ọ̀fà. Ríìmù ńlá tó rẹwà máa ń gba ìyà yẹn fúnra rẹ̀, bó bá sì jẹ́ ti alumíníọ̀mù, ó máa ń sán. Wẹ́dà lè jó o pọ̀, ṣùgbọ́n ríìmù tí wọ́n jó kò yẹ lábẹ́ ọkọ̀ tó wúwo báyìí.

Ohun rere kan wà tí ọkọ̀ ìlú òtútù lè gbé wá. Ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́hùn-ún máa ń ní ríìmù irin lọ́tọ̀ fún táyà ìgbà òtútù wọn, wọ́n sì lè fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀. Ẹ bọ́ táyà náà kúrò, ṣùgbọ́n ẹ má ta ríìmù yẹn. Irin máa ń tẹ̀ dípò kó sán, a sì lè lù ú padà tí kò bá tẹ̀ jù. Ẹ kàn wò ó bóyá iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì wọn nígbà yìnyín ti jẹ ẹ́, pàápàá létí ibi tí táyà ń jókòó sí, torí ibi tí ìpẹtà bá ti jẹ ni afẹ́fẹ́ yóò máa gbà jò.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ríìmù mìíràn, ihò nọ́ọ̀tì nìkan kọ́ ni ẹ óò fi wọ̀n ọ́n. Leaf, Model 3 àti Camry ni ihò nọ́ọ̀tì márùn-ún lórí òbíríkítí mìlímítà 114.3, ṣùgbọ́n ihò àárín ríìmù wọn yàtọ̀: 60.1 ni ti Camry, 64.1 ni ti Model 3, 66.1 ni ti Leaf. Ríìmù Camry kò ní wọlé sí ìdí Tesla. Ti Leaf yóò wọlé, àmọ́ yóò máa ṣí díẹ̀, sítíárì á sì máa gbọ̀n bí eré bá pọ̀, àfi bí ẹ bá fi òrùka tó bá a mu dí àlàfo náà.

Kí ẹ tó jẹ́ kí fọkanáísà fọwọ́ kàn án, ẹ fi ibi tí jáàkì ń jókòó sí hàn án nínú ìwé ọkọ̀, nítorí bátìrì ló tẹ́ sábẹ́ gbogbo àárín ọkọ̀ náà, jáàkì tó bá sì gún un lè ba ohun tí owó rẹ̀ ju ti táyà lọ fíìfíì jẹ́. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀rọ kékeré tó ń ka afẹ́fẹ́ lè wà nídìí fáàfù, kó má baà fi irin ṣẹ́ ẹ. Àwọn táyà ọkọ̀ oníná kan ní fóòmù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú wọn kí ariwo lè dínkù. Bí ó bá fẹ́ lẹ irú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gé fóòmù kúrò lójú ibẹ̀. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyí kò sì ní táyà apààrọ̀, nítorí náà, ẹni tó bá ń lọ sí Ọmù-Àrán tàbí Jẹ́bà, kó wá ọ̀kan tó bá a mu sínú búùtù.

Afẹ́fẹ́ tí ẹ óò fún un ni èyí tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn. Iye tó wà lára táyà ni òpin ohun tó lè gbà. Fọkanáísà tó ti mọ́ lára láti máa fún gbogbo ọkọ̀ ní 32 lórí géèjì (PSI) ní láti gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé 42 ni Model 3 ń lò. Bí géèjì bá lọ sókè lẹ́yìn ìrìn àjò, ẹ má yọ nínú rẹ̀, ooru ló fà á. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ pààrọ̀ pọ̀ bí ti òtútù bá wà níbẹ̀, ẹ má fi méjì sílẹ̀ lẹ́yìn nítorí owó, torí ẹ̀yìn ọkọ̀ lè yọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ nínú òjò. Ẹ ṣe bálánsì àti aláímẹ́ǹtì lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì padà lọ fún nọ́ọ̀tì pọ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rin bíi 80 kìlómítà.