Ẹ Má Da Ẹlẹ́kọ Pọ̀ Mọ́ Aṣọ Ẹ̀rọ: Ìtọ́sọ́nà fún Aláró àti Ẹni Tó Ń Tajà Adìrẹ

Ìwé yìí kò ní kọ́ yín bí a ṣe ń ro ẹ̀kọ láfún tàbí bí a ṣe ń rẹ aṣọ láró. Ilé ìyá yín lẹ ti mọ ìyẹn. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ lókè òkun, tó ń gba ọjà lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ìyẹ́ adìẹ ya àwòrán ní Abẹ́òkúta àti Òṣogbo, ló mú wa kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: àwa náà ń bá wọn ba ọjà jẹ́. A ń to ẹlẹ́kọ, ìyẹn adìrẹ tí a fi ẹ̀kọ láfún ya àwòrán sí kí a tó rẹ ẹ́ láró, àti aṣọ ẹ̀rọ sórí àtẹ kan náà, a sì ń pe gbogbo rẹ̀ ní adìrẹ. Bí orúkọ bá ti jẹ́ ọ̀kan, èyí tó pọ́ọ́kú ni oníbàárà yóò mú. Kò jẹ̀bi.

Ẹ ya àtẹ sọ́tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta aṣọ ẹ̀rọ, kó pè é ní aṣọ ẹ̀rọ.

Ẹ yí aṣọ padà kí oníbàárà rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú kan la ń fi ẹ̀kọ yà sí, nítorí náà ẹ̀yìn ẹlẹ́kọ máa ń dúdú ju ojú lọ, àwòrán á kàn hàn fírífírí. Ẹ̀yìn aṣọ ẹ̀rọ sábà máa ń ṣá. Lẹ́yìn náà, bó bá jẹ́ Ìbàdàndùn, àrà àtijọ́ tí a ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn sí, ẹ fi ìka tọ àwọn òpó náà: ti ìhín kì í bá ti ọ̀hún dọ́gba délẹ̀, nítorí ọwọ́ ènìyàn ló yà á. Ẹ̀rọ kì í yẹ̀ ní tirẹ̀.

Ẹ so páálí kékeré mọ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan. Ohun 4 ni kẹ́ ẹ kọ sí i: orúkọ àrà, ẹni tó yà á, irú aró (ti ewé èlú tàbí ti kẹ́míkà), iye yáàdì. Abala 2, yáàdì 2½ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni ìró àtijọ́. Ẹni tó bá ta yáàdì 4½ ní 5, olè ló jà.

Ẹ ṣan aṣọ títí omi yóò fi mọ́, kẹ́ ẹ sá a síbi òjìji. Kẹ́ ẹ tó dì í, ẹ fi àkísà funfun tó tutù nù ún ní ìgbà 20. Bí aró bá hàn gbangba lára àkísà, ẹ padà lọ ṣan án. Ìkánjú di aṣọ tó ṣì ń ṣí aró ti lé oníbàárà púpọ̀ lọ.

Ogún gbogbo wa ni àwọn àrà àtijọ́ bí Ìbàdàndùn àti Olókun. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ di tirẹ̀ nìkan. Àrà tuntun tí ẹ dá fúnra yín ni ẹ lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Ọdún 5 ló ń lò, ẹ sì lè sọ ọ́ dọ̀tun lẹ́ẹ̀mejì, ọdún 5 nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gbé e sórí WhatsApp kẹ́ ẹ tó forúkọ sílẹ̀ o! Lójú òfin, àrà tí aráyé ti rí kì í ṣe tuntun mọ́. Kẹ́ ẹ lè ní ẹ̀rí lọ́wọ́, ẹ gé ínǹṣì 6 lára aṣọ náà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ yà á sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.