Bí A Ṣe Ń Jẹ́ Kí Fáìlì Excel Ka Orúkọ Àwọn Makírò Rẹ̀ Síta, Tí A Sì Ń Pè Wọ́n Ṣiṣẹ́

Makírò (àṣẹ tí a kọ pọ̀ kí Excel lè máa ṣe iṣẹ́ kan fúnra rẹ̀) 3 péré ló wà nínú fáìlì tí mo fi ń ṣírò owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi di bí 20, orúkọ wọn ti dàrú mọ́ mi lójú, èyí tí mo fọwọ́ kọ sẹ́yìn ìwé kò sì bá ohun tó wà nínú fáìlì mu mọ́. Ó sàn kí fáìlì fúnra rẹ̀ máa kà wọ́n.

Ẹ kọ́kọ́ fi fáìlì náà pamọ́ ní .xlsm, torí .xlsx kì í gba makírò dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ gba File, Options, Trust Center, Trust Center Settings dé Macro Settings, kí ẹ sì máàkì "Trust access to the VBA project object model". Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àṣìṣe 1004 ni Excel yóò gbé jáde. Ẹ yọ máàkì náà tí iṣẹ́ bá parí, nítorí makírò inú fáìlì àjèjì lè gba ibẹ̀ wọlé tún kóòdù yín kọ.

Ẹ ṣí ṣíìtì tuntun, kí ẹ sọ ọ́ ní Akojo, láìsí àmì kankan. N kò kórìíra àmì ohùn o, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ "Àkójọ" sí ojú ìwé kóòdù tí Alt+F11 ń ṣí, "?" ni ọ tó kẹ́yìn sábà máa ń dà, Excel kò sì ní rí ṣíìtì náà. Nínú sẹ́ẹ̀lì, kò séwu. Ẹ tẹ Alt+F11, kí ẹ tẹ Insert, Module níbẹ̀, kí ẹ sì kọ èyí:

Sub KaMakiro()
Dim c As Object, oruko As String
Dim i As Long, k As Long, r As Long
For Each c In ThisWorkbook.VBProject.VBComponents
If c.Type = 1 Then
With c.CodeModule
i = .CountOfDeclarationLines + 1
Do While i <= .CountOfLines
oruko = .ProcOfLine(i, k)
r = r + 1
Worksheets("Akojo").Cells(r, 1).Value = oruko
i = .ProcStartLine(oruko, k) + .ProcCountLines(oruko, k)
Loop
End With
End If
Next
End Sub

ProcOfLine ló ń sọ makírò tó ni ìlà kan. ProcCountLines ń ka iye ìlà rẹ̀, kí a lè fò ó dé orí èyí tó tẹ̀ lé e. Tí KaMakiro bá ti ṣiṣẹ́, tí orúkọ wọn ti wà nínú Akojo, ẹ tẹ sẹ́ẹ̀lì tí orúkọ èyí tó bá wù yín wà, kí ẹ wá mú èyí ṣiṣẹ́ láti pè é:

Sub PeMakiro()
Application.Run "'" & ThisWorkbook.Name & "'!" & ActiveCell.Value
End Sub

Ẹ má fo àmì ' méjèèjì yẹn. Odidi àárọ̀ kan ni mo fi wá ìdí tí "Owo Ajo.xlsm" kò fi ṣiṣẹ́, àṣé àlàfo tó wà láàárín orúkọ náà ni kò jẹ́.

Mo kun sẹ́ẹ̀lì tí orúkọ PinEre wà, ìyẹn makírò tó ń pín èrè ọdún, ní pupa, nítorí Ctrl+Z kì í dá ohun tí makírò bá ti ṣe sí ṣíìtì padà.