Férémù kẹ̀kẹ́ tá a fi ń já wálẹ̀ lórí òkè: èwo ló bá yín mu?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín, ta ló máa gbé kẹ̀kẹ́ yẹn gun òkè? Torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ férémù ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe àwọ̀ ẹ̀, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára. Ní Les Gets lọ́hùn-ún nílẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ti ṣe ìdíje àgbáyé lọ́dún 2022, okùn irin ló ń fa èèyàn àti kẹ̀kẹ́ lọ sókè, tiwọn ò ju kí wọ́n já wálẹ̀ lọ. Níbí ní Ṣábẹ, èjìká yín lokùn irin. Èmi ni mò ń ti tèmi gba àárín oko kajú títí dé ìdí àpáta, oòrùn á ti mú, àwọn ọmọdé á máa tẹ̀ lé mi, wọ́n á máa bi mí pé ṣé kẹ̀kẹ́ ọ̀hún ti bàjẹ́ ni.

Férémù tí wọ́n dìídì ṣe fún jíjá wálẹ̀ gidi (cadre lẹ máa gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa), ẹ̀yìn ẹ̀ máa ń rì tó 200 mm tó bá kọlu òkúta, fọ́ọ̀kì iwájú náà bẹ́ẹ̀, odindi kẹ̀kẹ́ á sì wúwo tó kílò 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ó dùn lórí òkúta, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn fífò, tẹ́ ẹ fẹ́ràn kẹ́ ẹ máa yí kẹ̀kẹ́ síbí sọ́hùn-ún láàárín igi, tẹ́ ẹ tún fẹ́ wà á padà sílé, èyí tó ń rì láàárín 150 sí 170 mm ni kẹ́ ẹ wá, enduro ni wọ́n ń pè é. Lójú tèmi, òun ló bá òkè wa mu jù. Àpáta Ṣábẹ ga o, tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láti Kútọnù ẹ ti máa rí i kẹ́ ẹ tó wọ̀lú, àmọ́ ibi téèyàn lè fi kẹ̀kẹ́ já wálẹ̀ níbẹ̀ ò gùn, kí ara tó yá gágá ẹ ti dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ ńkọ́? Ẹ má bínú, ilẹ̀ yín tẹ́, férémù 200 á kàn máa rì lábẹ́ yín bíi tìmùtìmù ni, ẹ ra èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ kì í rì rárá kẹ́ ẹ fowó tó kù jẹun.

Ọrùn férémù, ìyẹn ibi tí fọ́ọ̀kì ti wọ inú ẹ̀, làwọn èèyàn kì í wò, bẹ́ẹ̀ òun ló ń sọ bí kẹ̀kẹ́ ṣe máa hùwà. Tó bá fẹ̀yìn tì dáadáa, táyà iwájú á jìnnà síwájú, kẹ̀kẹ́ á dúró ṣinṣin lórí eré; tó bá nà ró, ó yá láti yí, àmọ́ níbi tí ilẹ̀ ti ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gan-an ẹ máa rò pé ẹ ti fẹ́ gba orí ẹ̀ ṣubú síwájú. Ti jíjá wálẹ̀ máa ń wà ní bíi dìgíríì 62 sí 64. Ẹni tó ń tà á ò ní mọ̀ ọ́n, nítorí náà ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sórí símẹ́ńtì tó tẹ́, ẹ ṣí ibi tí fóònù ti ń wọn bí nǹkan ṣe tẹ̀ sí, kẹ́ ẹ fi ẹ̀gbẹ́ fóònù lé ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì gbọọrọ. Mo ṣe é fún ọ̀kan tí ọ̀gbẹ́ni kan ń búra pé ti jíjá wálẹ̀ gidi ni, 69 ló jáde, ó nà ró jù, mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ló bá já owó ẹ̀ wálẹ̀.

Gígùn ló jẹ mí níyà. Mítà 1 àti 68 péré ni mí, mo lọ ra L, sáìsì ńlá, torí òun ló wà nílẹ̀, gbogbo kọ́nà tí mo bá dé apá mi á ti nà tán, kẹ̀kẹ́ á máa lọ síbi tó wù ú. Ẹ má wo S, M, L yẹn, kò dọ́gba lọ́dọ̀ gbogbo wọn. Ẹ so nọ́ọ̀tì mọ́ òwú kó já sílẹ̀ gba àárín ibi tí ẹsẹ̀ pẹ́dà ti ń yí, kẹ́ ẹ wá fi téèpù wọn láti ara òwú yẹn lọ síwájú gbọọrọ títí dé àárín orí ọrùn férémù. Ẹni tó ga tó mi, 430 sí 450 mm tó o. Ẹni tó fẹ́ràn eré kó gba èyí tó gùn díẹ̀, ẹni tó fẹ́ràn àrà kó gba èyí tó kúrú. Táyà 29 íǹṣì lẹ́yìn sì lè máa ha ìdí ṣòkòtò ẹni kúkúrú, 29 níwájú, 27.5 lẹ́yìn, ìyẹn ló tù mí lára, àmọ́ kí férémù ọ̀hún jẹ́ èyí tó gbà á.

Tòkunbọ̀ lọ̀pọ̀ wa máa rà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti àkísà dání. Ẹ nu abẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ pẹ́dà wà, ẹ nu ibi tí wọ́n ti jó ọrùn pọ̀ mọ́ irin ìyókù, kẹ́ ẹ fi èékánná fà á. Tó bá jẹ́ ọ̀dà ló sán lásán, èékánná sábà máa ń yọ̀ kọjá. Tó bá jẹ́ irin ló la, á há. Tèmi, sítíkà pupa kékeré kan ni wọ́n fi bò ó, mo ṣe bí ẹ̀ṣọ́ ni, oṣù kan lẹ́yìn náà ni mo ṣí i, ìlà tín-ín-rín bí irun orí ló gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Alùmíníọ́ọ̀mù sì ni, ẹ má gbé irú ẹ̀ lọ fún wẹ́dà ẹ̀bá títì o, iná tó máa fi jó o á sọ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ di ọ̀lẹ, kò dà bí irin kẹ̀kẹ́ bàbá wa. Tó bá jẹ́ kábọ́ọ̀nù, ẹ fi owó ẹyọ gbá a jẹ́jẹ́ káàkiri, ibi tó bá ṣàdédé dún bíi pákó tó jẹrà, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Kẹ́ ẹ sì mi apá ẹ̀yìn sọ́tùn-ún sósì, tó bá ń dún kọ́kọ́kọ́ béárìn ti lọ, eruku ọyẹ́ wa ò sì ní jẹ́ kí tuntun náà pẹ́ tẹ́ ẹ bá ń fi gírísì ṣahun.

Ṣọ́ọ̀kì onísípírìn, ìwọ̀n ara yín ló máa sọ sípírìn tó yẹ, nọ́ńbà ẹ̀ sì sábà máa ń wà lára ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jókòó lé e jẹ́ẹ́, ó yẹ kó rì bíi 30 nínú 100, ìyẹn bíi 22 mm fún ṣọ́ọ̀kì tó ń rìn 75. Tó bá rì jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wá sípírìn tó le sí i, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi férémù.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wọn àyè ẹ̀yìn níbi tí wíìlì ń wọ̀. Ti àwọn férémù tuntun, 148 tàbí 157 mm ni, wíìlì tí mo sì ń rí jù lọ́jà wa, 135 ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ò wọn tiẹ̀. Orí ìṣó ní pálọ̀ ni férémù ọ̀hún wà látìgbà ọyẹ́ tó kọjá, ìyàwó ẹ̀ ti ń fi fìlà kọ́ ọ.