Bí Ẹ Ṣe Máa Dá Àwo Black Sabbath Àkọ́tẹ̀ ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Mọ̀

Páálí àwo máa ń purọ́. Ẹni tó bá ń wá àwo Black Sabbath, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ níbẹ̀ láàárín 1970 sí 1973, kó fi èyí sọ́kàn kó tó na owó rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn àwo yìí ti ń tọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Àwo kan á fọ́, wọ́n á fi àtúntẹ̀ rọ́pò rẹ̀ nínú páálí àtijọ́, ẹni tó ń tà á gan-an lè má mọ̀. Lébẹ́ẹ̀lì àárín àwo àti àwọn nọ́ńbà tí wọ́n fín sára rẹ̀ ni ká gbà gbọ́. Nítorí náà, ẹ fa àwo yọ kí ẹ tó máa yẹ páálí wò.

Ohun tí ẹ máa nílò kò ju tọ́ọ̀ṣì kékeré kan, dígí tó ń mú nǹkan tóbi, àti aṣọ múlọ́múlọ́ tí kì í yọ fọ́nrán. Etí àwo ni kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ dì mú. Ẹ má fi ìka kan ojú ibi tí orin wà, nítorí òróró ara máa ń di eruku mú síbẹ̀.

Lébẹ́ẹ̀lì

Àwo mẹ́rin àkọ́kọ́ ti ẹgbẹ́ yìí, abẹ́ Vertigo ni wọ́n ti jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-iṣẹ́ Philips ló dá Vertigo sílẹ̀ ní 1969. Òòyì ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí, lébẹ́ẹ̀lì wọn sì jẹ́ orúkọ náà: àwọn òbìrípo dúdú àti funfun tó wọnú ara wọn, tó jẹ́ pé bí àwo bá ti ń yí, ṣe ló máa ń dà bíi pé ó fẹ́ fa ojú ẹni wọlé. Lójú kìíní àwo, òòyì yìí gba gbogbo lébẹ́ẹ̀lì, ẹ ò ní rí orúkọ orin kankan níbẹ̀. Lójú kejì ni wọ́n kó orúkọ gbogbo orin sí, ti ojú kìíní àti ti ojú kejì pa pọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń rò pé àṣìṣe ìtẹ̀wé ni. Rárá o, bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn.

Nọ́ńbà àwọn àwo náà nìyí. *Black Sabbath*, tó jáde ní 13 February 1970, VO 6 ni, ẹ ó sì rí 847 903 VTY pẹ̀lú rẹ̀. Lára ẹ̀dà tó kọ́kọ́ jáde pátápátá, wọ́n kọ "A Philips Record Product" sí lébẹ́ẹ̀lì. *Paranoid*, ti September 1970, jẹ́ 6360 011. *Master of Reality* ti 1971 jẹ́ 6360 050. *Vol. 4* ti 1972 jẹ́ 6360 071.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni àwo karùn-ún. *Sabbath Bloody Sabbath*, tó jáde ní ìparí 1973, kò sí lábẹ́ Vertigo nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Lébẹ́ẹ̀lì WWA ló wà, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni WWA 005. Ẹni tó bá ní dandan, àfi kí tirẹ̀ ní òòyì lára, yóò dúró títí láé. Ẹni tó bá sì rí i pẹ̀lú òòyì, ẹ̀dà àkọ́tẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló rí.

WWA yìí kan náà tún àwo mẹ́rin àkọ́kọ́ tẹ̀, láti WWA 006 dé WWA 009. Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé-iṣẹ́ NEMS gbà á, tí wọ́n tún wọn tẹ̀ ní 1976 pẹ̀lú NEL 6002 fún *Black Sabbath*, 6003 fún *Paranoid*, 6004 fún *Master of Reality* àti 6005 fún *Vol. 4*. Kò sí ohun tó ṣe àwọn àtúntẹ̀ yìí bí ẹ bá fẹ́ máa gbọ́ orin lásán, wọ́n tiẹ̀ máa ń mọ́ ju àkọ́tẹ̀ lọ nígbà míì torí pé wọn ò lò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má kàn san owó àkọ́tẹ̀ lé e lórí.

Ohun kan kù lórí Vertigo. Ní 1973, ilé-iṣẹ́ náà pa òòyì tì, wọ́n bọ́ sórí lébẹ́ẹ̀lì ọkọ̀ òfuurufú (spaceship) tí Roger Dean yà. Èyíkéyìí nínú àwo mẹ́rin yìí tó bá ní ọkọ̀ òfuurufú lára, àtúntẹ̀ ni, kò sí àríyànjiyàn. Òòyì nìkan kò sì tó láti fi pe àwo ní ti Gẹ̀ẹ́sì, torí pé wọ́n lò ó ní Jámánì, Netherlands àti àwọn ilẹ̀ míì. Ìdí nìyí tí a fi ń wo ohun tí wọ́n fín.

Ohun tí wọ́n fín

Láàárín ibi tí orin parí sí àti etí lébẹ́ẹ̀lì, àyè dúdú kan wà tó ń dán. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lé ojú àwo, kí ẹ wá máa yí àwo díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá tan án láti òkè, dídán rẹ̀ á bo ohun gbogbo, ẹ ò ní rí nǹkan kan.

Lára àwo tí Philips tẹ̀, nọ́ńbà àwo ló máa ń ṣíwájú, 1Y á tẹ̀ lé e lójú kìíní, 2Y lójú kejì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìlà méjì tó dagun, bíi //, àti nọ́ńbà kan. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé ìlà méjì yẹn ló ń sọ iye ìgbà tí wọ́n ti gé orin náà sórí àwo àkọ́gé, èyí tí wọ́n fi ń ṣe irin tí wọ́n fi ń tẹ àwo. //1 ṣáájú //2, //2 ṣáájú //3. Ẹ tún wá 420 níbẹ̀, torí òun ni àmì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ètò Philips. Bó bá jẹ́ 670, Netherlands ni. Bó bá jẹ́ 320, Jámánì ni. Fún *Black Sabbath*, 847 903 ni kí ẹ máa wá níbẹ̀, kì í ṣe VO 6.

Ojú méjèèjì lẹ gbọ́dọ̀ kà. Ó wọ́pọ̀ kí ojú kan jẹ́ //1, kí ìkejì jẹ́ //2 tàbí //3, nítorí irin tí wọ́n fi ń tẹ ojú kọ̀ọ̀kan kì í gbó lọ́jọ́ kan náà. Ẹ má sì jẹ́ kí //1 pa yín lójú jù: irin //1 tó ti tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwo lè dún burú ju //2 tó ṣì tuntun lọ. Irin tún lè kúrò lábẹ́ lébẹ́ẹ̀lì kan lọ sábẹ́ òmíràn, nítorí náà nọ́ńbà tí wọ́n fín àti lébẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan kí ẹ tó gbà.

Páálí, níkẹyìn

Àmì kan wà tí kò gba ìjíròrò: bí ẹ bá rí àmì ìlà dúdú tí ẹ̀rọ ilé-ìtajà fi ń ka iye owó, kì í ṣe páálí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Àwọn àtúntẹ̀ òde òní máa ń dá òòyì padà sára lébẹ́ẹ̀lì, ibí yìí sì ni àṣírí wọn ti máa ń tú.

Páálí *Black Sabbath* ṣí bí ìwé. Ayàwòrán tó ń jẹ́ Keef ló ya àwòrán iwájú, níbi ọlọ omi Mapledurham ní Oxfordshire, àgbélébùú tó dorí kodò sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ewì. Ẹ yẹ inú àgbélébùú yẹn wò dáadáa, torí pé àwọn tó kọ́kọ́ ra àwo yìí fẹ́ràn láti fi gègé kọ orúkọ wọn síbẹ̀. *Paranoid* náà ṣí bí ìwé, àwòrán ẹgbẹ́ wà nínú. Bó bá jẹ́ páálí pẹlẹbẹ tí kò ṣí, ẹ má ronú àkọ́tẹ̀.

*Master of Reality* ló ń yọ àwọn èèyàn lẹ́nu jù. Àpótí ni páálí rẹ̀, ó ní ìbòrí lókè tí a ń ṣí. Iwájú rẹ̀ dúdú, orúkọ ẹgbẹ́ jẹ́ àwọ̀ elésè àlùkò, ṣùgbọ́n orúkọ àwo fúnra rẹ̀ dúdú lórí dúdú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó yọ sókè. Ẹ fi ìka ra á, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára. Ojú ìṣẹ́po ìbòrí ló kọ́kọ́ máa ń ya, lẹ́yìn náà ni igun ìsàlẹ̀ méjèèjì, nítorí pé àwo ń já lé wọn nígbàkígbà tí wọ́n bá ń tì í wọlé. Pọ́sítà kan sì yẹ kó wà nínú rẹ̀, ẹgbẹ́ náà nínú igbó. Ọ̀pọ̀ ló ti lọ sára ògiri, kò sì padà. Àwọn kan ń fi pọ́sítà ẹ̀dà tuntun dípò, ọ̀nà tí ẹ máa fi mú wọn ni pé kí ẹ fi ọjọ́ orí pọ́sítà wé ti àpótí. Bí àpótí bá ti gbó, tí etí rẹ̀ ti funfun, àmọ́ tí pọ́sítà ń dán, tí ojú ìṣẹ́po rẹ̀ kò ní egbò kankan, ẹ béèrè ọ̀rọ̀.

*Vol. 4* ní àwọn ojú ìwé àwòrán tí wọ́n so mọ́ àárín páálí rẹ̀. Ẹ ṣí i, kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti so ó. Bí ẹ bá rí ibi tí bébà ti ya tàbí tí nǹkan ti já, ojú ìwé kan ti lọ nìyẹn. *Sabbath Bloody Sabbath* kò ní wàhálà púpọ̀: páálí tó ṣí, àwòrán tí Drew Struzan yà, ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá ó ti ya, ó tán.

Orúkọ púpọ̀ kì í ṣe orin púpọ̀

Ẹ̀dà Amẹ́ríkà, tó wà lábẹ́ Warner Bros., máa ń da orí rú. Lára àwo àkọ́kọ́, WS 1871, wọ́n yọ *Evil Woman*, tó jẹ́ orin ẹgbẹ́ Crow ti Amẹ́ríkà, wọ́n fi *Wicked World* rọ́pò rẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yìn àwo kékeré *Evil Woman* ni *Wicked World* wà: lébẹ́ẹ̀lì Fontana ló kọ́kọ́ gbé e jáde, TF 1067 ni nọ́ńbà rẹ̀, kó tó di Vertigo V2. Ẹni tó bá fẹ́ gbogbo orin ìgbà yẹn gbọ́dọ̀ wá àwo kékeré yìí mọ́ ọn.

Ẹ ó tún rí orúkọ bíi *Wasp*, *Bassically*, *Luke's Wall* àti *The Straightener* lára ẹ̀dà Amẹ́ríkà. Kò sí orin àfikún kankan níbẹ̀. Apá kan orin tí ẹ ti mọ̀ ni wọ́n fún lórúkọ tirẹ̀. Bí ẹnìkan bá fi èyí gbé owó lé yín lórí, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ máa lọ.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò lórí ẹ̀rọ

Ẹ má fi ìbẹ̀rẹ̀ àwo àkọ́kọ́ díwọ̀n ariwo. Òjò ló fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ààrá àti agogo, ìró òjò yẹn sì jọ ìró àwo tó ti họ débi pé etí kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ lọ síbi tí orin ti dákẹ́ rọ́rọ́: ìbẹ̀rẹ̀ *Sleeping Village* lójú kejì, *Planet Caravan* lára *Paranoid*, *Orchid* àti *Solitude* lára *Master of Reality*, *Changes* àti *Laguna Sunrise* lára *Vol. 4*, *Fluff* lára *Sabbath Bloody Sabbath*. Níbẹ̀ ni gbogbo họ́ì-họ́ì á ti jẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí òpin ojú àwo, *Warning* tàbí *Into the Void*. Ìlà orin ti há níbẹ̀, abẹ́rẹ́ tó ti jẹ já lọ́wọ́ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ á sì ti hú u. Bí ohùn bá ń ya, tí ìró páànù ìlù ń dà bí iyanrìn, fífọ̀ kò lè wò ó sàn.

Àwọn nǹkan kan wà tó jọ àbùkù tí kì í ṣe àbùkù. Ikọ́ tó ń tún ara rẹ̀ ṣe níbẹ̀rẹ̀ *Sweet Leaf*, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, abẹ́rẹ́ yín kò há. Bí orin ṣe ń yára tí ohùn rẹ̀ ń gòkè ní òpin *War Pigs*, téèpù ni wọ́n yí báyẹn, kì í ṣe ẹ̀rọ yín ló ya wèrè. *FX* lára *Vol. 4* náà, ariwo lásán ni látòkè délẹ̀.

Fún eré ẹ̀rọ, *Into the Void* wúlò. Tony Iommi, onígìtá ẹgbẹ́ náà, ti ge ṣóńṣó ìka méjì sọnù sídìí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́, ó sì dẹ okùn gìtá rẹ̀ sílẹ̀ lára àwo yìí kó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti tẹ̀. Ohùn tó lọ sílẹ̀ jù níbẹ̀ súnmọ́ C♯. Ẹ gbé áàpù tí àwọn onígìtá fi ń tún okùn wọn ṣe síwájú sípíkà. Bó bá sọ D, ẹ̀rọ yín ń yára ju bó ṣe yẹ lọ ní nǹkan bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá sọ C, ó ń falẹ̀ níwọ̀n kan náà. Ìyàtọ̀ kékeré kò já mọ́ nǹkan.

Fífọ̀ àti fífipamọ́

Omi tí wọ́n ti sè tí wọ́n sì gba ooru rẹ̀ dà sínú ìgò mímọ́ (distilled water), irú èyí tí wọ́n ń dà sínú bátìrì ọkọ̀, ni kí ẹ lò, ìdá mẹ́rin rẹ̀ sí ìdá kan ọtí isopropyl. Omi ẹ̀rọ lásán máa ń fi ẹfun sílẹ̀ nínú ìlà orin. Ẹ bo lébẹ́ẹ̀lì kí omi má kàn án. Ẹ nu àwo yípo bí ìlà orin ṣe lọ, ẹ má nù ún láti àárín sí etí. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kó tó kan abẹ́rẹ́. Omi gbígbóná á lọ́ àwo, ẹ má dán an wò.

Àpò inú tí wọ́n tẹ òòyì sí jẹ́ ara ohun tí ẹ rà, àmọ́ bébà rẹ̀ máa ń ha àwo. Ẹ ra àpò inú tuntun tó jẹ́ ọ̀rá fún àwo, kí ẹ tọ́jú ti àtijọ́ sínú páálí. Fún *Master of Reality*, ẹ fi àwo sí ẹ̀yìn àpótí, kí ẹ wá kó méjèèjì sínú ọ̀rá òde kan ṣoṣo, kí wọ́n dúró gbọọrọ, kí ìbòrí má bàa máa ṣí ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ orin.