Bí mo ṣe rí ibi tí afẹ́fẹ́ búréèkì ti ń jò lára típà mi

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni típà yìí fi yọ mí lẹ́nu. Tí mo bá gbé e sílẹ̀ lálẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́, géèjì afẹ́fẹ́ á ti wálẹ̀ dé òdo. Láìsí afẹ́fẹ́, búréèkì ẹ̀yìn kò ní tú táyà sílẹ̀, àfi kí n ta ẹ́ńjìnnì títí afẹ́fẹ́ á fi kún, kí n máa fi èéfín jí gbogbo Apata, n'Ibadan níbí.

Mẹkáníìkì ní kí n ra kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tuntun, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ sínú táńkì. Owó dà?

Mo po ọṣẹ ìfọṣọ mọ́ omi, mo jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kún dé 120 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́) lórí géèjì, mo fi òkúta há táyà, mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun gbogbo oríkèé páìpù, kò sí nǹkan. Àṣé abẹ́ táńkì afẹ́fẹ́ ni, níbi fáàfù tí a fi ń da omi tó ń ti inú afẹ́fẹ́ kóra jọ síbẹ̀ nù! Ó ń hó kùṣùkùṣù. Ìpẹtà ló há a lẹ́nu. Ẹ̀bi tèmi ni, n kì í da omi ibẹ̀ nù.

Mo jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tán pátápátá kí n tó tú u (ẹ má fi èyí ṣeré o, ó lè fọ́ni lójú). Omi pupa tó dà jáde kún agolo. Mo ra fáàfù tuntun ní ọjà Aràròmí, ní Agodi Gate.

Láàárọ̀ àná, géèjì ṣì wà lókè 100.